Àgbàtọ́jú Ni Nọ́ńbà Tó Wà Nínú Fóònù Wa

Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, owó síìmù kan ṣoṣo ń lọ sí bíi ₦20,000 sókè, ẹni tó bá sì rí i rà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí yóò pè, torí ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀ rẹ̀ kò tíì ní tiwọn. Orí síìmù yẹn náà ni wọ́n ń kọ orúkọ èèyàn sí. Ọ̀pọ̀ síìmù kì í gbà ju orúkọ 250 lọ, àyè tó wà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan kéré débi pé orúkọ àti oyè ẹnì kan lè má gbà á, nọ́ńbà kan péré ló sì lè wà lẹ́yìn orúkọ kan. Tó bá ti kún, àfi kí olóhun jókòó, kó yọ ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ kó tó rí àyè fún ẹni tuntun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ń mú kí èèyàn mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù òde òní ti wó odi náà. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbàgì, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, pásítọ̀, ààfáà, olùkọ́ tó ti ń lo nọ́ńbà kan bọ̀ láti ogún ọdún: kò ṣòro rárá kí orúkọ inú fóònù irú wọn wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Wọ́n sì ń fi í yangàn, torí èèyàn laṣọ Yorùbá, ẹni tó bá mọ èèyàn púpọ̀ la sì gbà pé ó rọ́wọ́ mú.

Ojú tí èmi fi ń wò ó yàtọ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù wa kì í ṣe ọrọ̀ wa. Ẹni tó ni ín ló fún wa, nǹkan kan pàtó ló sì torí rẹ̀ fún wa: ká lè pè é bí ọjà rẹ̀ bá dé, ká lè fi ọjọ́ ìpàdé tó o létí, ká lè bá a kẹ́dùn bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́. Àgbàtọ́jú ni. Ẹni tí wọ́n bá sì fi nǹkan síkàáwọ́ rẹ̀, a kì í bi í pé mélòó ló kó jọ. Ohun tí à ń bi í ni pé ibo ló gbé e sí, ta ló lè fọwọ́ kàn án, àti pé bí olóhun bá dé, ṣé yóò bá a níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù tí à ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Bí àkójọ náà bá sì ṣe ń tóbi sí i ni àìlèdáhùn yẹn ṣe ń di ewu, kì í ṣe fún àwa nìkan, fún àwọn tó fọkàn tán wa ni.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ wo bí àkójọ yìí ṣe ń wú, torí kì í ṣe ọwọ́ wa nìkan ló ń wú u. Fóònù Android kan ń kó orúkọ jọ láti ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: síìmù kìíní, síìmù kejì, inú fóònù fúnra rẹ̀, àkáǹtì Google, àti àwọn áàpù bíi WhatsApp. Ó ń tò gbogbo wọn sójú kan bíi pé ọ̀kan ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nibi tí wọ́n ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan pẹ̀lú 0803, èkejì pẹ̀lú +234803, ẹ̀kẹta pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ tí a ti gbàgbé. Ìdí náà nìyẹn tí ẹni tó pààrọ̀ fóònù fi máa ń rí i pé ìdajì àwọn èèyàn òun ti pòórá. Inú fóònù àtijọ́ ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó kó wọn kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó rí ìkéde lórí Facebook pé fóònù lágbájá ti sọnù, kí gbogbo èèyàn jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì mọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ dáadáa, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ lórúkọ ẹlòmíràn.

Ibòmíràn tí orúkọ ń gbà ya wọlé ni òwò kan tó gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp. Status tí èèyàn bá gbé síbẹ̀, àwọn tí òun àtiwọn jọ séèfù nọ́ńbà ara wọn ló ń rí i. Iṣẹ́ tí èèyàn bá sì fi rán ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá séèfù nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní WhatsApp TV, tí iye ojú tó bá wo status wọn ni wọ́n fi ń gba owó ìpolówó, wá dá ọgbọ́n sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì VCF, gbogbo wọn á sì tú fáìlì náà sórí fóònù wọn. Lójú ẹsẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àjèjì ti bá ìyá, àbúrò àti dókítà jókòó sínú ilé kan náà. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í rò ni pé ilẹ̀kùn náà ṣí síta àti sínú. Fọ́tò ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n gbé sórí status nígbà ìsọmọlórúkọ, fọ́tò ilé tuntun tí bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, gbogbo àwọn àjèjì yẹn ló ń rí i, torí ibi tí WhatsApp ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹni tó wà nínú àkójọ rí i, àfi bí olóhun bá yí ètò náà padà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún ohun tí mò ń sọ ni ti àwọn áàpù ayánilówó. Láwọn ọdún tó yí àjàkálẹ̀ Kòrónà ká, áàpù tó ń yáni lówó kékeré láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ gba gbogbo ìgboro kan ní Nàìjíríà. Wọn kì í béèrè onídùúró, wọn kì í béèrè ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ń béèrè lójú fóònù: ká gbà wọ́n láyè láti wo àkójọ nọ́ńbà wa. Ẹni tó ń wá owó iléèwé ọmọ kò ní ráyè ronú, yóò tẹ “Allow”. Láti ìṣẹ́jú yẹn, gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀ ti di onídùúró láì mọ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, àtẹ̀jíṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí fóònù ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sórí fóònù àna rẹ̀, sórí fóònù ẹni tó kàn bá a tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe lẹ́ẹ̀kan: pé gbájúẹ̀ ni lágbájá, pé ẹ kìlọ̀ fún un kó tó pẹ́ jù, nígbà míì pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí ẹ̀sùn pé ó ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ da àwọn ojúlùmọ̀ oníbàárà rẹ̀ láàmú. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà kó àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò lẹ́yìn, wọ́n sì wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan l’Ékòó. Lẹ́yìn ìyẹn, Google fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, áàpù ayánilówó kankan lórí Play Store kò gbọdọ̀ wo àkójọ nọ́ńbà tàbí fọ́tò oníbàárà mọ́.

Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n àlàfo méjì wà nínú rẹ̀ tó kan ẹnikẹ́ni tó ní àkójọ ńlá. Áàpù tí èèyàn bá gbà láti ibòmíràn, tí wọ́n fi ìlíǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí Telegram, kò sí lábẹ́ òfin Play Store. Èkejì ni pé ohun tí áàpù bá ti dà kọ lọ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, a kò lè gbà á padà. Láti ọdún 2015 ni Android ti fún wa láǹfààní láti gba áàpù láyè tàbí kí a kọ̀ fún un, ká sì gba àyè náà padà nígbà tó bá wù wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú nìkan la lè gbà padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta orúkọ tó ti lọ lánàá ti lọ nìyẹn. Apple tiẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú nínú iOS 18 tó jáde ní ọdún 2024: ẹni tó ni iPhone lè mú orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde fún áàpù, kó sì fi ìyókù pamọ́. Irú rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí gbogbo fóònù.

Ẹnì kan á sọ pé, “Èmi kì í yá owó lórí fóònù, kí ló kàn mí?” Ó kàn ọ́, torí o wà nínú fóònù ẹni tó ń yá a. Gbogbo ìṣọ́ra tí ìwọ ń ṣe, ọwọ́ ẹlòmíràn ni òpin rẹ̀ wà. Ẹni tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ èébú jí láàárọ̀ kò ṣe nǹkan kan tó burú ju pé ó fún ẹnì kan ní nọ́ńbà rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 lè bá ilé-iṣẹ́ tó ṣi nọ́ńbà lò jà, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń lò fún ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lábẹ́ òfin náà. Ìwà àti ìtìjú wa nìkan ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó fóònù lásán ni èyí.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fóònù bá bọ́ sọ́wọ́ olè nínú dáńfó. Bí kò bá ní ìdènà, orúkọ tí yóò kọ́kọ́ wá ni “Mummy”, “Daddy”, “Ìyàwó Mi”. Kò ní pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó pé ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, kó tètè fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ránṣẹ́ sí àkáǹtì yìí. Nínú àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, yóò bá àlẹ́ẹ̀tì báńkì ọdún méjì tó wà níbẹ̀ láìpa rẹ́: báńkì wo ni olóhun ń lò, oṣù wo ni owó ń wọlé, iye tó ṣẹ́ kù. Bí fóònù bá tiẹ̀ ní ìdènà, olè lè yọ síìmù, kó fi í sínú fóònù mìíràn, gbogbo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì bá sì fi ránṣẹ́ yóò máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kò ju PIN orí síìmù lọ, èyí tó wà nínú ètò ààbò gbogbo fóònù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì tíì fọwọ́ kàn rí. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì pa, àfi kó ní PUK tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ. Bó bá sì ṣi PUK náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù kú pátápátá nìyẹn. Kí ẹ tó fi PIN náà sí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín pé kí ni PIN àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ẹ má baà ti ara yín síta.

Orúkọ tí a ń kọ ní ọwọ́ nínú èyí náà. Bí a bá ní ká má kọ “Daddy” mọ́, ẹlòmíràn á ní kò bójú mu kí ọmọ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ gbalaja sínú fóònù bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sì pọn dandan. “Àgbà Ìlá”, “Alàgbà Òkè-Àdó”, oríkì wọn, ohun tí àwọn ará ilé nìkan mọ̀, ọ̀wọ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sọ fún olè pé òbí nìyí. Ní ti àwọn yòókù, ìṣòro wa ni pé a kì í kọ tó. Nínú fóònù oníṣòwò kan n’Íbàdàn, Ìyá Ìbejì lè tó mẹ́rin, Alhaji lè tó mẹ́sàn-án, Kàfíńtà lè jẹ́ mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn jalè rí. Àwọn kan á ní kí ni àpótí ìwárí wà fún? Àpótí ìwárí kò lè rí ohun tí a kò kọ. Kò mọ̀ pé Shola àti Sola, ẹnì kan náà ni. Kò sì lè rántí fún wa pé ọkùnrin yẹn tó bá wa tún òrùlé ṣe lẹ́yìn ìjì ni Rasaki. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ “Rasaki Kàfíńtà Mókọ́lá, ọwọ́ Bùọ̀dá Délé”, èyíkéyìí tí a bá rántí nínú mẹ́rin náà, iṣẹ́, àdúgbò, orúkọ, tàbí ẹni tó mú un wá, yóò gbé e jáde. Bó bá di ọdún mẹ́wàá sí i tí ọmọ wa ń wá kàfíńtà, òun náà á mọ ẹni tí yóò bi nípa rẹ̀.

Àlàyé kan wà tó lòdì sí ohun tí mo sọ nípa “Mummy” yìí, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, báwo ni àwọn tó ń gba ẹ̀mí là yóò ṣe mọ ẹni tí wọn yóò pè bí orúkọ bá ti di àdììtú? Ní Bìrìtìkó, Bob Brotchie tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì dábàá ní ọdún 2005 pé kí oníkálukú kọ ICE ṣáájú orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè nígbà ìjàǹbá. Ó wúlò nígbà náà, torí ọ̀pọ̀ fóònù kì í ní ìdènà. Lónìí, fóònù tó ní ìdènà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àkójọ náà rárá, ìbáà jẹ́ ICE tàbí Mummy ló wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí orúkọ yẹn wà ni abala ìsọfúnni pàjáwìrì, èyí tí Android àti iPhone ń fi hàn láti ojú ìdènà láìṣí fóònù. Orúkọ méjì àti irú ẹ̀jẹ̀ tó níbẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn tí kì í pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ máa ń sọ pé ẹ̀rí ni. Wọ́n á ní bí oníbàárà bá sọ pé òun ti san owó, àlẹ́ẹ̀tì ni àwọn yóò fi bá a jà. Àwọn ọlọ́jà gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú èrò yìí, torí ayédèrú àlẹ́ẹ̀tì ti ba tiwọn jẹ́ tó. Oníjìbìtì lè ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì láìsí kọ́bọ̀ kan nínú àkáǹtì. Ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì tí báńkì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ni ẹ̀rí, ó sì wà lọ́dọ̀ wọn fún ẹni tó bá béèrè. Èyí tó bá ṣe pàtàkì nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ni ká yà sọ́tọ̀, bíi àdéhùn iye owó ọjà, àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹni tó ti lọ, ká kó ìyókù dànù lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lórí iPhone, a lè pàṣẹ pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa pa ara rẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí ọdún kan. Ti ìpolówó tó ń ya wọlé bí eṣú, ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Àjọ NCC tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù ló fi í lọ́lẹ̀ ní ọdún 2016 pé kí ilé-iṣẹ́ fóònù yéé da wá láàmú. Bí ẹ bá kọ HELP síbi kan náà, wọ́n á jẹ́ kí ẹ yan irú ìpolówó tí ẹ ṣì fẹ́ máa gbà.

Nọ́ńbà pẹ̀lú ń kú, èyí sì ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Ní Nàìjíríà, síìmù tí wọn kò bá fi ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ tó ni ín lè pa á. Bó bá tún tó oṣù mẹ́fà mìíràn, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ àṣírí ẹbí ránṣẹ́ sí lórí nọ́ńbà àtijọ́ lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún kan ní Ṣókótó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra síìmù. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà, tí èyí tó jẹ́ mẹ́jọ fi di mẹ́wàá. Ẹni tó ní ìbátan ní Kétu, Sábẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, tí kò tíì tún tirẹ̀ ṣe, nọ́ńbà tí kò sí mọ́ ló ń tẹ̀. Ibi tí +234 ti wúlò náà nìyí: nọ́ńbà tí a kọ pẹ̀lú àmì orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò lọ bóyá Èkó la wà tàbí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo kò ní lọ nígbà tí a bá ti rékọjá bodè.

Níhìn-ín ni ọkàn ti máa ń ta ko ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè pa nọ́ńbà òbí wọn tó ti kú rẹ́, n kò sì ní sọ pé kí wọ́n pa á. Kí wọ́n kàn rántí pé nọ́ńbà náà lè ti di ti ẹlòmíràn, kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà kó má baà bọ́ sínú àwọn tí à ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí, kí wọ́n sì kó ohùn àti fọ́tò tó wà nínú WhatsApp rẹ̀ lọ síbi tó dájú. Ohùn bàbá ni ohun ìní. Nọ́ńbà kì í ṣe é.

Owó tún wà nínú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tó ti kú. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, iye tí Friedhelm Hillebrand ará Jámánì dá lábàá ní ọdún 1985. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ tò fún GSM, bẹ́ẹ̀ ni á àti ó kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, àyè á já sí lẹ́tà 70, bí ọ̀rọ̀ bá sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gé e sí ègé oní-67. Ìkéde ìpàdé tó jẹ́ lẹ́tà 150, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi Yorùbá tó péye kọ, di àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta. Bí ó bá fi rán ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ní ₦6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦5,400 ni dípò ₦1,800. N kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó gé ẹsẹ̀ lẹ́tà wa kúrò nítorí náírà. Ilé-iṣẹ́ fóònù ló yẹ kó tún èyí ṣe. Ohun tí akọ̀wé lè ṣe ni kó yọ ọgọ́ta nọ́ńbà tó ti kú kúrò nínú ọ̀ọ́dúnrún náà. Bó bá sì rò pé ẹgbẹ́ WhatsApp ni yóò gba òun lọ́wọ́ owó yìí, kó rántí pé ẹni tó bá fà sínú ẹgbẹ́ láì béèrè, ó ti fi nọ́ńbà rẹ̀ lé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́, ìyàwó ilé àti opó àti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún pẹ̀lú. Bákan náà ló rí fún ẹni tó bá ní, “Ẹ bùn mi ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín.” Tirẹ̀ ló yẹ ká gbà, ká fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, kí ẹ̀gbọ́n pè é bó bá wù wọ́n.

Ibo wá ni ká kó gbogbo rẹ̀ sí? Ibì kan ṣoṣo. Fún ẹni tó ń lo Android, àkáǹtì Google ló rọrùn jù: a lè kó ti síìmù àti ti fóònù lọ síbẹ̀, áàpù Contacts á sì fi àwọn tó jọ ara wọn hàn ká lè sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá ṣì, tí a pa ohun tí kò yẹ rẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ wà láti dá a padà. Àwọn kan kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mọ gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀, n kò sì lè bá wọn jiyàn pé kò sí ìdí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ni pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti fún WhatsApp ní àkójọ kan náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń lò ó, wọ́n sì ń lo fóònù tí kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn, èyí tí ọjọ́ kan òjò lè gbá lọ. Bí wọn kò bá fẹ́ Google, kí wọ́n pàṣẹ fún fóònù kó kó gbogbo orúkọ sínú fáìlì VCF, kí wọ́n fi í sórí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì tó wà nínú ilé, kí wọ́n sì máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta orúkọ kò ní gba àyè tó fọ́tò mẹ́wàá ń gbà.

Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ẹ máa ráyè tún gbogbo rẹ̀ tò. Ọjọ́ náà kì í dé. Bó bá jẹ́ Android lẹ̀ ń lò, ẹ ṣí ètò fóònù yín lálẹ́ òní, ẹ lọ sí Permission manager, ẹ tẹ Contacts. Gbogbo áàpù tó ń wo orúkọ àwọn èèyàn yín ni yóò jáde síbẹ̀. Èyí tó jẹ́ iná ìléwọ́, géèmù, kàlẹ́ńdà tàbí ayánilówó, tí ẹ kò lè sọ ohun tó ń fi nọ́ńbà ìyá yín ṣe, ẹ tẹ “Don’t allow”.